Àìsàn Kì Í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ìlera ni oògùn ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì jà wọ́n níyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà sọ tẹ̀lé e: bí ìlera bá sá lọ, kí ni òṣìṣẹ́ tí kò ní ọrọ̀ mìíràn yóò máa jẹ títí ìlera náà yóò fi padà dé? Ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé kò sí ilé tí kò kàn. Ó kan ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní Ìsọlọ̀. Ó kan ìyá tí ń di ọjà sínú páálí ní Ilasamaja. Ó kan awakọ̀ àti akọ̀wé ní Òṣòdì. Bí a bá sì wò ó dáadáa, ó kan àgbẹ̀ tí ń bẹ nínú oko rẹ̀ ní Ìbàràpá tàbí ní Èkìtì, tí ó rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù kò bá òun tan.

Oríṣi àìsàn méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni èyí tí ń bẹ ènìyàn wò bí àlejò: ibà, ọ̀fìnkìn, inú rírun. Ó dé lónìí, ó lọ lọ́túnla. Èkejì ni èyí tí ń gbé inú ara bí onílé: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ ife, àrùn kíndìnrín, fòníkú-fọ̀ladìde, jẹjẹrẹ, wárápá, àìsàn ọpọlọ, àti lákúrègbé tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè na apá. Àwọn wọ̀nyí kì í lọ bọ̀rọ̀. Òmíràn a lọ, a tún padà bọ̀. Òmíràn kò ní kúrò lára ẹni mọ́ títí ọjọ́ ayé, ṣùgbọ́n bí a bá ń tọ́jú rẹ̀, ènìyàn lè ṣiṣẹ́, kí ó tọ́ ọmọ, kí ó sì darúgbó. Ẹjọ́ àwọn tí àìsàn kejì yìí ń bá jà ni a fẹ́ rò lónìí, nítorí pé òfin ilẹ̀ wa mọ àìsàn tí ó jẹ́ àlejò, kò mọ àìsàn tí ó jẹ́ onílé.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974 ni a ṣì ń lò ní Nàìjíríà. Abala 16 nínú òfin náà sọ pé bí àìsàn ìgbà díẹ̀ bá dá òṣìṣẹ́ dúró sílé, tí dókítà tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan. Ọjọ́ 12 péré! Bí ó bá di ọjọ́ kẹtàlá, òfin dákẹ́, agbanisíṣẹ́ a sì ṣe bí ó ti wù ú, àfi bí àdéhùn tí òun àti òṣìṣẹ́ jọ ṣe bá fi kún un.

Ta tilẹ̀ ni òfin náà pè ní òṣìṣẹ́? Abala 91 yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àbójútó àti iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kúrò. Ó yọ àwọn aṣojú tí ń rìn káàkiri láti bá ilé iṣẹ́ ta ọjà. Ó yọ ẹni tí a gbà síṣẹ́ tí kì í ṣe nítorí òwò agbanisíṣẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ó ṣòro kí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń gbálẹ̀ tí ó sì ń fọṣọ nílé ọlọ́rọ̀ rí ibi fẹ̀yìn tì lábẹ́ òfin yìí. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, inú ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti lè rí ààbò. Bí ìwé náà kò bá sì sọ nǹkan kan nípa àìsàn, ọwọ́ òfo ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọjọ́ 12 yìí. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 ni 70,000 náírà. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó jẹ́ nǹkan bí 2,692 náírà lójúmọ́. Owó ọjọ́ 12 kò pé 32,500 náírà. Èyí ni gbogbo ohun tí òfin là kalẹ̀ fún odidi ọdún kan fún ẹni tí àìsàn wó mọ́lẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, tí ó di dandan kí ẹ̀rọ máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni àwọn dókítà sábà ń fẹ́ kí ó wá. Bí ó bá lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 12 rẹ̀ ti tán láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ọ̀sẹ̀ 48 sì kù kí ọdún ó yípo.

Ẹ tún wo ikọ́ ife. Oṣù 6 ni ìtọ́jú rẹ̀ tí a mọ̀ jù, oògùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ tí aláìsàn ń lo oògùn, ikọ́ náà ṣì lè ran ẹlòmíràn, nítorí náà kò yẹ kí ó wà láàárín èrò. Fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 2 yìí nìkan ti jẹ ọjọ́ 12 rẹ̀ tán pátápátá. Kí ni yóò jẹ ní nǹkan bí oṣù 5 àti ààbọ̀ tí ó kù, nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì le? Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ebi ń bẹ níwájú òun, ṣé yóò tètè sọ pé òun ń húkọ́? Yóò fi ikọ́ náà pamọ́. Yóò máa húkọ́ nídìí ẹ̀rọ ní àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò máa húkọ́ nínú dánfó láti Òṣòdì dé ilé. Àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ kọ̀ láti san fún ẹnì kan lè di àìsàn ènìyàn mẹ́wàá.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀ pé ọjọ́ 12 kò tó. Ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2008 fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí àìsàn ń ṣe, tí kò sì sí lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ní ọjọ́ 42 láàárín oṣù 12, kí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá sì wà ní ilé ìwòsàn lè gbà tó oṣù 3 lákọ̀ọ́kọ́. A kò bínú sí òṣìṣẹ́ ìjọba fún èyí; ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìbéèrè wa ni pé, ṣé ẹ̀jẹ̀ akọ̀wé ìjọba pupa ju ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ Ìsọlọ̀ lọ ni? Ṣé àtọ̀gbẹ a máa béèrè ẹni tí ń san owó oṣù kí ó tó wọ ara ènìyàn?

Èyí tí ó wá burú jù ni ti ìlékúrò. Abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ sọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀ tí a gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ọjọ́ 1 bí kò bá tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 bí ó bá ju oṣù 3 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 bí ó bá ti pé ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 bí ó bá ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé ẹni tí ó ti fi ọdún 15 sin ilé iṣẹ́ kan, tí ó fi ojú ríran wọlé, tí àtọ̀gbẹ wá ń ba ojú náà jẹ́, owó oṣù kan ṣoṣo ni a lè fi tì í jáde. Ẹ̀tọ́ ọjọ́ 12 náà sì di asán, nítorí pé kí ó tó lo ọjọ́ náà tán ni ìwé ìdádúró ti lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

ÀGBẸ̀ NI Ó Ń SAN GBÈSÈ NÁÀ

Àwọn àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí lè wí pé, "Kí ni tiwa nínú ọ̀rọ̀ owó oṣù? Àwa kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." A bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀. Ta ni ó ń ṣiṣẹ́ láàárín Òṣòdì, Matori àti Ìsọlọ̀? Ọmọ yín ni, àbúrò yín ni, ọmọ ọmọ yín ni. Ẹ̀yin ni ẹ bí i, ẹ̀yin ni ẹ fi owó kòkó àti ti ẹ̀gẹ́ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó dàgbà tán, tí apá rẹ̀ le, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ilé iṣẹ́ ni ó ni agbára rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ara kọ̀, a ní kí ó padà sílé baba rẹ̀. Èlùbọ́ ilé ni yóò máa jẹ. Ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ ni a ó tà kí a fi ra oògùn. Bí owó kò bá sì tó, ilẹ̀ ìdílé ni a ó fi dógò. Agbanisíṣẹ́ ti jẹ ẹran tán, àgbẹ̀ ni ó wá ń họ eegun.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé owó àìsàn jẹ́ ẹ̀bùn tí òṣìṣẹ́ ìlú ńlá ń tọrọ. Owó náà, ẹnì kan ni yóò san án dandan. Bí ilé iṣẹ́ kò bá san án, tí ìjọba kò sì san án, ìyá arúgbó tí ń ta gàrí ní abúlé ni yóò san án.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ sì mọ ohun tí ó tọ́ kí ìwé òfin tó dé ilẹ̀ yìí. Ní ayé àwọn baba wa, bí àìsàn bá dá àgbẹ̀ dúró sílé ní àkókò ọ̀gbìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí oko rẹ̀ di igbó. Àáró wà, ọ̀wẹ̀ wà. Wọn yóò bá a kọ ebè, wọn yóò bá a gbin iṣu, nítorí pé gbogbo wọn mọ̀ pé bí ó ti ṣe ẹnì kan lónìí ni ó lè ṣe ẹlòmíràn lọ́la. Ẹnikẹ́ni kì í pe aláìsàn ní ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ lè ṣe é, kò fẹ́ ṣe é. Aláìsàn fẹ́ ṣe é, kò lè ṣe é. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, kò yẹ kí a fi í ṣe olórí lórí ènìyàn.

A ó sì sọ òótọ́ fún àgbẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba alágbàṣe láti ṣán oko kòkó yín tàbí láti kọ ebè fún yín, ẹ wo ara yín wò. Bí ejò bá bu alágbàṣe yín jẹ, tí ẹ sì ní kí ó máa lọ sí ìlú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ohun tí ẹ ń bá ọlọ́rọ̀ Èkó wí gan-an ni ẹ̀yin náà ṣe.

ÀÌSÀN TÍ IṢẸ́ FÀ

Àìsàn mìíràn wà tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó fi ran òṣìṣẹ́. Eruku òwú a máa ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń hun aṣọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ a máa di etí. Òórùn ọ̀dà àti ti oògùn kẹ́míkà a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọjà tí a ń pè ní Aswani ní Ìsọlọ̀ títí di òní, orúkọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni ó ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ ti lọ, orúkọ ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àìsàn ibi iṣẹ́ rí: iṣẹ́ a ti parí tipẹ́, àìsàn a ṣì wà lára.

Fún irú èyí, òfin mìíràn wà. Ní 1941 ni ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ ṣe òfin ní Nàìjíríà pé kí a máa san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin tí ó wà lónìí ni ti 2010. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó iṣẹ́ tí ó ń san sínú àpò kan tí àjọ ìjọba tí a ń pè ní NSITF ń tọ́jú, kí a sì máa mú owó jáde nínú rẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára tàbí tí iṣẹ́ bá kó àìsàn ràn. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ ní Ilasamaja ni ó ti gbọ́ orúkọ àjọ náà rí? Ẹ̀tọ́ tí a kò mọ̀ dà bí owó tí a rì mọ́lẹ̀ tí a gbàgbé ojú ibẹ̀.

Òfin 2010 yìí pàápàá ní ibi tí ó pin sí. Àìsàn tí iṣẹ́ fà nìkan ni ó mọ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde tí a bí mọ́ ènìyàn kò sí níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó ti wá kò sí níbẹ̀. Ètò ìlera alábàádá pẹ̀lú, èyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 sọ di dandan, tí ìjọba Èkó sì ń pe tirẹ̀ ní Ilera Eko, owó ìtọ́jú ni ó wà fún, kì í ṣe owó oúnjẹ. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀ka ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá wà ní Òṣòdì. Oògùn lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú òfìfo kì í gba oògùn.

BÍ AYÉ TI Ń ṢE É

Àwọn kan yóò wí pé àlá ni a ń lá, pé kò sí ibi tí a ti ń san owó fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn. Ní 1883, Jámánì ṣe òfin tí ó fún òṣìṣẹ́ aláìsàn ní ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ 13. Ní 1911, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀: òṣìṣẹ́ ọkùnrin ń dá kọ́bọ̀ 4 lọ́sẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń dá tọ́rọ́, ìjọba ń fi kọ́bọ̀ 2 kún un, kí aláìsàn lè máa gba shílè 10 lọ́sẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, òyìnbó kan náà ni ó ń ṣe ìjọba lé wa lórí ní Èkó. Ohun tí ó ń jẹ nílé rẹ̀, kò bù ú fún ẹrú rẹ̀. Èyí wà lára ohun tí àwọn baba wa rí tí wọ́n fi bá a jà.

Ṣùgbọ́n òyìnbó ti lọ láti 1960. Ní ọdún náà ni Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO. Ẹgbẹ́ yìí ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1952 pé ó yẹ kí owó àìsàn lè tó ọ̀sẹ̀ 26. Ó sì tún kọ ọ́ sínú ti 1982 pé àìwá síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nítorí àìsàn kì í ṣe ìdí tí ó tọ́ láti lé ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ti òyìnbó nìkan ni èyí, kí ó wo South Africa. Òfin wọn ti 1997 kó ọjọ́ àìsàn ọdún 3 pọ̀ sójú kan, ó jẹ́ iye ọjọ́ tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, kí ẹni tí àìsàn líle bá mú lè lò ó papọ̀ bí ó bá fẹ́. Lẹ́yìn tí èyí bá tán, àpò kan wà tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sí, tí agbanisíṣẹ́ náà ń dá ìdá kan sí, tí a ti ń san apá kan owó fún aláìsàn. Adúláwọ̀ bíi tiwa ni wọ́n.

Àwọn agbanisíṣẹ́ kéékèèké yóò wí pé, "Àwa kò lówó." Òótọ́ ni pé oníbúrẹ́dì tí ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta kò lè dá nìkan gbé ẹrù aláìsàn oṣù mẹ́fà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àjọ fi dára. Ẹ jẹ́ kí a mú òṣìṣẹ́ 100, kí owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70,000 náírà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7,000,000 náírà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 70,000 náírà, èyí tí ó tó owó oṣù odindi fún aláìsàn kan ní oṣooṣù, láti January títí dé December. Bí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá pín in sí méjì, 350 náírà ni yóò kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ta ni nínú wa tí kì í dá èsúsú tí ó ju èyí lọ? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Wọn yóò tún wí pé àwọn kan yóò máa díbọ́n. A kò sẹ́. Oníbọ́n wà nínú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí dókítà ni òfin ń béèrè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí a gbé ìgbìmọ̀ dókítà kalẹ̀ fún àìsàn tí ó bá pẹ́, bí a ti ń ṣe fún òṣìṣẹ́ ìjọba. A kì í torí pé eku kan jẹ àgbàdo kí a dáná sun àká.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn pàṣẹ ní 1954 pé owó òṣìṣẹ́ òun kò gbọ́dọ̀ dín ní shílè 5 lójúmọ́, ilẹ̀ kò là, òkun kò gbẹ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e gan-an ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba tí ó bá fẹ́ ṣe é a máa rí ọ̀nà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE NÍSINSÌNYÍ

Kí òfin tuntun tó dé, ẹ lo èyí tí ó wà. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Èkíní, abala 7 nínú Òfin Iṣẹ́ pàṣẹ pé kí oṣù 3 tó kọjá lẹ́yìn tí a gba ènìyàn síṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, títí kan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àìsàn bá dé àti owó tí a ó san. Ẹ béèrè ìwé náà, pàápàá ẹ̀yin tí a ń pè ní òṣìṣẹ́ ojúmọ́, tí ojúmọ́ yín ti di ọdún mẹ́rin.

Èkejì, bí ara yín kò bá dá, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ó ní ìwé ẹ̀rí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Alágbo lè wo ènìyàn sàn, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò dúró lábẹ́ òfin. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà méjì. Ẹ fi ọ̀kan lé agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó fọwọ́ sí èkejì pé òun gbà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín kọ ìwé pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ní kí ẹ lọ sinmi nílé. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó ṣòro kí ó tó pe ẹjọ́ pé a ti òun mọ́ ìta.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ̀ pé òfin 2014 kọ̀ ọ́ pé kí a lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí kòkòrò HIV, àti pé òfin tí a fọwọ́ sí ní 2019 kọ̀ ọ́ pé kí a fi ìyà jẹ ẹni tí ó ní àléébù ara. Bí àìsàn bá ti sọ yín di aláàbọ̀ ara, ẹ̀yin náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe dá nìkan jà. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹgbẹ́ lè bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn tí ó ju ọjọ́ 12 lọ. Ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ wà, ibi ìlàjà ará ìlú náà sì wà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ilé ẹjọ́ iṣẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà wà ní Èkó, tí àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 2010 fún ní agbára láti wo ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti ìlànà rere tí ayé ń tẹ̀lé.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, nítorí náà Àbújá ni a ó ti gbé e lọ, kì í ṣe Aláùsá. Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní aṣojú méjì ní ilé aṣòfin kékeré níbẹ̀. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè é ní gbangba nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò.

Kí a sọ ọjọ́ 12 di 42 ó kéré tán fún ẹni tí dókítà bá jẹ́rìí pé àìsàn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń lọ bọ̀rọ̀. Kí ó di èèwọ̀ láti lé òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu ìtọ́jú, títí ìgbìmọ̀ dókítà yóò fi sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì lè ṣe iṣẹ́ tí ó fúyẹ́, kí a fún un ní iṣẹ́ tí ó fúyẹ́. Kí a dá àpò owó àìsàn sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ máa dá sí i, bí a ti dá àpò ti ìfarapa sílẹ̀ ní 2010. Kí òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ àti alágbàṣe oko má ṣe wà lẹ́yìn òde gbogbo ètò wọ̀nyí.

Ẹ̀yin tí ara yín le lónìí, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni a ń sọ. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ìwé ìdádúró tí a kọ fún ẹlẹgbẹ́ yín tí ń húkọ́, orúkọ nìkan ni a ó yí padà nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn yín. Ní 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Michael Imoudu níwájú wọn, kì í ṣe gbogbo wọn ni ebi ń pa bákan náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó jáde. Ohùn kan náà ni a fẹ́ gbọ́ láti Òṣòdì, láti Ìsọlọ̀, àti láti inú oko gbogbo tí ọmọ wọn wà nídìí ẹ̀rọ: kí àìsàn tó mú ẹmìí òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ebi bá a mú un.